Owó-orí ilé ní Ṣágámù: ibi tó já sí

Ẹ̀yin ará, mo béèrè ohun tí a lè ṣe nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí tún díye lé ilé ẹbí wa ní Ṣágámù tí bíìlì sì fò sókè. Ẹ ṣeun, àbọ̀ rèé.

Ìmọ̀ràn pé ká gba ìwé ìṣirò wọn ló ṣiṣẹ́ jù. Ilé ilẹ̀ ni, mítà 12 sí 9, ìyẹn sikúwéà mítà 108. Wọ́n kọ ọ́ bíi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, 216. A so fọ́tò ilé àti ẹ̀dà pláànù tí wọ́n buwọ́ lù mọ́ lẹ́tà, a fi sílẹ̀ kí gbèdéke orí bíìlì tó pé, a sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwa. Wọ́n ti tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu lásán ṣe é: láìsí òǹtẹ̀ yẹn, wọ́n lè ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan.

Ti ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé yọrí díẹ̀. Gbogbo ilé ni wọ́n kà sí ibi òwò tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ṣọ́ọ̀bù nìkan ni, mítà 3 sí 4.

Iye ilẹ̀ ni kò yí. Ilẹ̀ àdúgbò ti wọ́n lóòótọ́, ẹjọ́ rírò ò lè fà á wálẹ̀ àfi téèyàn bá ní ìwé ilẹ̀ tí wọ́n tà nítòsí ní iye tó kéré sí i. Owó tí a ti san kọjá iye tó yẹ, wọ́n ní àwọn á yọ ọ́ nínú bíìlì ọdún tó ń bọ̀.