Ṣé prósẹ́sọ̀ i7 lè wọ inú láptọ̀ọ̀pù ThinkPad T430 tó jẹ́ i5 tẹ́lẹ̀?

onífídíò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. ThinkPad T430 ni mo ń lò: prósẹ́sọ̀ i5-3320M, RAM 8 GB, SSD ti wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kéékèèké kò ni í lára, àmọ́ tí mo bá ń gé fídíò, tàbí tí mo tan virtual machine (kọ̀ǹpútà àfarawé inú kọ̀ǹpútà) méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ló máa ń wọ́ tuurutu. Mo ti rí i7-3740QM àti i7-3632QM àlòkù. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? Ṣé á wọlé bẹ́ẹ̀, àbí àfi kí n pààrọ̀ bọ́ọ̀dù? Ọ̀rẹ́ mi kan náà ní ThinkPad X230, i5-3320M kan náà ló wà níbẹ̀. Ṣé òun náà lè ṣe é?

ìdè_skúrù:
Ẹ jẹ́ ká mú ti X230 kúrò nílẹ̀ ná: kò ṣeé ṣe. Orúkọ wọn dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ oríṣi méjì ni Intel ṣe i5-3320M sí. Ti T430 ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ lábẹ́, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló jókòó sí. Ti X230, òjé ni wọ́n fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kéèyàn máa fi orúkọ nìkan ra prósẹ́sọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ rí i pé rPGA988B ni wọ́n kọ, ìyẹn sọ́kẹ́ẹ̀tì G2. Tí ẹ bá rí BGA, ìyẹn èyí tí wọ́n ń jó mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Lẹ́tà tó wà níparí orúkọ máa ń tú àṣírí. Nínú ìran kejì àti ìkẹta (nọ́mbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 tàbí 3), M àti QM ló sábà máa ń jẹ́ ti G2. Ìran kẹrin (M àti MQ) ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, G3, kò lè wọ G2 láé. Ti ìran kìíní, G1, ẹsẹ̀ 988 ni òun náà ní, ìyẹn sì ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, torí ìtò ẹsẹ̀ náà yàtọ̀. Èyí tó bá ní U tàbí HQ nídìí, jíjó ni wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Láti ìran karùn-ún lọ, Intel kò ṣe ti láptọ̀ọ̀pù tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́.

Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ lo áàpù CPU-Z lórí Windows, kí ẹ wo ibi tó kọ Package. Lórí Linux, `sudo dmidecode -t processor`, kí ẹ wo ìlà Upgrade. Tó bá jẹ́ "ZIF Socket" lásán ló kọ, ó ṣì dáa, ó túmọ̀ sí pé ó ṣeé yọ.

Nínú méjèèjì, 3632QM ni èmi máa mú. 35 W ni (ìwọ̀n iná àti ooru rẹ̀), bíi ti 3320M tó wà níbẹ̀, nítorí náà fáànù àti heatsink (irin tó ń fa ooru kúrò) tó wà níbẹ̀ á gbé e. Core 4 (ọpọlọ mẹ́rin), thread 8 (iṣẹ́ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà), cache (ìrántí inú prósẹ́sọ̀) 6 MB. 45 W ni 3740QM. Òun náà á wọlé, á sì tàn, àmọ́ tí iṣẹ́ bá pẹ́ lórí rẹ̀, ooru á mú kó dẹwọ́ eré, owó tí ẹ san lé e á wá di òfo.

atẹ̀rọṣe:
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ gbọ́ èyí kẹ́ ẹ tó náwó. 3320M máa ń sáré dé 3.3 GHz, 3632QM kì í kọjá 3.2. Iṣẹ́ tó bá ń lo core kan ṣoṣo kò ní yá sí i rárá. Fídíò nìkan lẹ máa rí ìyàtọ̀ rẹ̀ gan-an. Ti virtual machine méjì lórí RAM 8 GB, RAM ni mo fura sí. Ẹ tan méjèèjì, kẹ́ ẹ wo iye RAM tó kù. Tó bá ti tán, DDR3 8 GB méjì (16 GB ni T430 gbà mọ) lẹ máa kọ́kọ́ rà.

Ẹ wo ṣájà yín náà. Tó bá jẹ́ 65 W, ẹ wá 90 W. Prósẹ́sọ̀ oní-core 4 tó ń ṣiṣẹ́ gan-an kò ní jẹ́ kí 65 W rí iná tó láti gba agbára sí bátìrì.

ìdè_skúrù:
Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó yá, bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ sọ BIOS (ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí ẹ̀rọ) di tuntun nígbà tí i5 ṣì wà níbẹ̀, torí BIOS àtijọ́ lè má mọ prósẹ́sọ̀ tuntun. Ẹ gba Hardware Maintenance Manual (ìwé àtúnṣe) T430 lọ́dọ̀ Lenovo, ọ̀fẹ́ ni, àwòrán skúrù kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀.

Ẹ lo ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí paste àtijọ́ (ọ̀rá tó ń gbé ooru láti prósẹ́sọ̀ lọ sára heatsink) lè rọ̀, kẹ́ ẹ wá pa á. Ẹ yọ ṣájà àti bátìrì, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì ìtànná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Kíbọọ̀dù lẹ máa yọ ṣáájú, lẹ́yìn náà férémù tó yí i ká, kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ fáànù. Ẹ tú skúrù heatsink díẹ̀díẹ̀, igun kan lẹ́yìn igun tó dojú kọ ọ́. Kẹ́ ẹ tó gbé e, ẹ yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ má fà á sókè lójijì.

Skúrù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní àwòrán àgádágodo. Ẹ yí i sí ọ̀nà èyí tó ṣí sílẹ̀. Prósẹ́sọ̀ á wá tú, ẹ gbé e sókè gbọọrọ. Igun tó ní onígun mẹ́ta kékeré lórí prósẹ́sọ̀ tuntun ni kó bá èyí tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì mu. Fúnra rẹ̀ ló yẹ kó bọ́ sínú ihò. Tó bá ní kẹ́ ẹ tẹ òun, ẹsẹ̀ kan ti wọ́ nìyẹn: ẹ gbé e jáde, kẹ́ ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù 0.5 mm tí kò ní ọmọ nínú tún un nà.

Isopropyl alcohol lẹ máa fi nu paste àtijọ́ kúrò. Paste tuntun kò gbọdọ̀ ju hóró ìrẹsì kan lọ. Prósẹ́sọ̀ láptọ̀ọ̀pù kò ní ìdérí irin, ojú silicon tó ń dán bíi gíláàsì yẹn ni heatsink máa fara kàn, etí rẹ̀ sì lè ya tí ẹ bá dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ dè é ní ìdajì yíyí, igun kan lẹ́yìn igun tó dojú kọ ọ́.

onífídíò:
Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. Tí kò bá wá tàn ńkọ́?

atẹ̀rọṣe:
Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan ná. Lẹ́ẹ̀kíní, ojú rẹ̀ lè ṣókùnkùn, kó sì tún ara rẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, RAM ló ń wọ̀n. Tó bá ṣókùnkùn títí, ẹ wò bóyá ẹ gbàgbé láti ti àgádágodo sọ́kẹ́ẹ̀tì padà. Tó bá kọ "Fan error" tó sì kú, wáyà fáànù ni ẹ kò tì wọlé.

Tó bá ti tàn, ẹ tẹ F1 kẹ́ ẹ rí orúkọ rẹ̀ nínú BIOS, kẹ́ ẹ wá fi `stress-ng --cpu 8` lórí Linux (tó ń fún prósẹ́sọ̀ ní iṣẹ́ líle) dán an wò, kẹ́ ẹ máa wo `sensors` (tó ń fi ooru hàn). 105 °C ni òpin rẹ̀. Tó bá fò lọ sí 95 láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, heatsink kò jókòó dáadáa, ẹ tú u, ẹ tún un ṣe. Àmọ́ tó bá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, tó sì dúró sí nǹkan bí 85, ẹ máa bá fídíò yín lọ.