Ọkọ mi tó jẹ́ sójà kì í jáde mọ́ látìgbà tí wọ́n ti gé e lẹ́sẹ̀: ṣé eré ìdárayá lè ràn án lọ́wọ́?

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní sójà nílé.

Ọdún 2021 ni ọkọ̀ tí ọkọ mi wà nínú rẹ̀ tẹ bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní Borno. Àwọn méjì kú níbẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Mo dúpẹ́ pé mi ò di opó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí aago mẹ́fà ìdájí tó lù, ó ti sáré yí àdúgbò ká. Ní báyìí, inú yàrá ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Ṣòkòtò gígùn ló ń wọ̀ nínú ooru yìí, kódà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí àwọn ọmọ má baà rí ibi tí wọ́n gé. Lóru, á máa kérora pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì ń dun òun, ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kan pè é pé kó wá bá àwọn gbá fọ́líbọ́ọ̀lù àjókòógbá ní pápá ìṣeré Súrùlérè lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun ti gbọ́, ó pa fóònù. Ìyá ọkọ mi ní ẹnikẹ́ni ò ní sọ ọmọ òun di ìran àpéwò. Mi ò bá Mọ́mì jiyàn, wọ́n ti sunkún tó. Àmọ́ mo fẹ́ mọ̀: ṣé eré yìí ń ṣe irú wọn lóore lóòótọ́? Báwo ni mo sì ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní rò pé àánú òun ló ń ṣe mí?

Fisio (oníṣègùn eegun àti iṣan), Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ìbejì. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ eré rárá, ẹ bi í bóyá ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tó ń wọ̀ ń ha á lára. Ibi tí wọ́n gé máa ń fọn sí i bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Ihò ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà tó bá a mu lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n á wá tóbi jù, á máa yọ̀, á máa bó awọ ara. Mo ti rí ọkùnrin tí gbogbo ilé ń sọ pé ìrònú ló jẹ́ kó máa jókòó sílé, egbò ló ń bò mọ́lẹ̀.

Ìrora ẹsẹ̀ tí kò sí kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Iṣan tó ń gbé ìròyìn ẹsẹ̀ náà lọ sí ọpọlọ ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Oògùn wà fún un, ẹ jẹ́ kó sọ fún dókítà.

Ní ti fọ́líbọ́ọ̀lù yẹn, pápá rẹ̀ kéré: mítà 10 sí 6. Nẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin ga ní mítà 1.15. Ìdí ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń gbá bọ́ọ̀lù, nítorí náà apá àti ikùn ló ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń bọ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ká ní ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló fara pa ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo máa sọ.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Bíbọ́ yẹn gan-an ni mo rò pé ó ń bà á lẹ́rù.

Ajagunfẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta

Ìyàwó wa, èmi náà fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lójú ogun, ọdún 2015. Ẹ má bẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì sọ fún un pé eré á mú inú rẹ̀ dùn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo bá ẹsẹ̀ àtọwọ́dá méje tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí ìgbà tí èèyàn to bàtà sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ẹnikẹ́ni ò wo tèmi. Ọ̀rọ̀ lórí bóyá bọ́ọ̀lù kan tẹ ìlà ni wọ́n ń bára wọn fà. Mo jókòó, bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ mi, mo jẹ́ kó bọ́. Sájẹ́ńtì kan jágbe mọ́ mi pé ṣé oorun ni mo wá sùn ni! Ìyàwó wa, ó ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ò jágbe mọ́ mi. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ọmọ tó ń ṣàìsàn sọ̀rọ̀. Ìgbe yẹn ló gbé mi padà. Mo délé, mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó lọ síbi ìdíje Invictus, ti àwọn sójà tó fara pa tàbí tó ṣàìsàn, ní Düsseldorf lọ́dún 2023. Peacemaker Azuegbulam, tó pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ìjà lọ́dún 2020, gba góòlù níbi gbígbé irin. Mo yọ̀ fún un gidigidi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí góòlù ni mo ṣe ń lọ ní gbogbo Sátidé.

Àbúrò Sójà, Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì. Ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó fi ìbínú gbá a, ojú ọgbẹ́ ṣí, ó sì lo oṣù méjì lórí ibùsùn. Ó tún wá burú sí i nínú ọkàn. Kí dókítà ọpọlọ rí ọkọ yín náà, mà. Eré ò lè ṣe iṣẹ́ dókítà.

Ajagunfẹ̀yìntì

Òótọ́ ni àbúrò mi sọ. Èmi ṣe méjèèjì pọ̀.

Nọ́ọ̀sì, ìlú Òyìnbó

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi sọ èyí fún Mọ́mì. Dókítà ló bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí. Ludwig Guttmann, Júù tó sá kúrò ní Jámánì, ló ṣí wọ́ọ̀dù fún àwọn sójà tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti bàjẹ́ ní Stoke Mandeville, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1944. Nígbà náà, àwọn èèyàn gbà pé irú wọn ò ní pẹ́ kú, egbò orí bẹ́ẹ̀dì tàbí àrùn inú ìtọ̀ ló ń pa wọ́n. Ó ní kí wọ́n máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì. Lẹ́yìn náà ló fi eré sínú ìtọ́jú wọn, bí ẹni kọ oògùn fúnni. Ní July 29, 1948, ọjọ́ tí Òlíḿpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an, ó kó àwọn 16 jáde láti ta ọfà. Ibẹ̀ ni Paralympics, ìdíje àgbáyé ti àwọn aláàbọ̀ ara, ti wá.

Bàbá Àgbà, Yaba

Ilé ìwòsàn Ìgbòbí tiwa náà, àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀. Ọmọ mi, ẹ mú ìyá ọkọ yín dání. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ìyá Ìbejì

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ní kí n sọ bó ṣe lọ.

Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà ti fẹ̀ jù lóòótọ́, egbò sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti tún un ṣe. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ Ajagunfẹ̀yìntì sókè bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Nígbà tí mo dé ibi ìgbe sájẹ́ńtì, ó rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín yẹn ṣe ń dún.

Sátidé tó kọjá a lọ, Mọ́mì náà bá wa lọ. Ọkọ mi ò gbá a. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì fún wákàtí méjì pẹ̀lú ṣòkòtò gígùn rẹ̀. Mọ́mì ló ń pariwo pé bọ́ọ̀lù tẹ ìlà.

Lánàá ó gbé ṣòkòtò kan jáde, ó ní kí n gbé e lọ fún télọ̀ kó gé e mọ́ orúnkún. Fisio, ẹ dákun, nígbà tó bá bọ́ ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, kí ni kó fi wé ibi tí wọ́n gé kó má baà ha sílẹ̀? Ọjọ́ Jímọ̀ ni télọ̀ máa kó ṣòkòtò náà wá.