Ojoojúmọ́ ni àbí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí gígun òṣùwọ̀n

Ìyá Tẹ́ní, Iléṣà
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìṣọ̀kùn ni mo ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, nọ́ọ̀sì sì ní kí n wá nǹkan ṣe sí ara tó ń sanra yìí, ni mo bá ra òṣùwọ̀n. Àárọ̀ Jimọ́ọ̀, kílò 93.2. Ìrọ̀lẹ́ Àìkú, nígbà tí a ti òde ìsìnkú dé, 94.8. Omi bọ́ lójú mi. Bẹ́ẹ̀ mo ti pa oúnjẹ alẹ́ tì lọ́sẹ̀ náà! Ṣé kí n máa gùn ún lójoojúmọ́ ni, àbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Bàbá Oníkòkó
Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, ìyàwó wa. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Aránṣọ Ẹnuwá, Ifẹ̀
Ẹ pẹ̀lẹ́, mọ̀mí. Ojoojúmọ́ ni tèmi, ọdún kejì rèé, kílò 11 sì ti kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti 1.6 tó mú yín sunkún yẹn. Kì í ṣe ọ̀rá. Nǹkan bí 7,700 kálórì ló wà nínú kílò ọ̀rá kan. Kí kílò 1.6 tó di ọ̀rá lára yín láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó ti jẹ ohun tó lé ní 12,000 kálórì kọjá èyí tí ara yín ń lò. Iyán ìsìnkú kò tó bẹ́ẹ̀. Omi ni, àti oúnjẹ tó ṣì wà nínú ikùn. Lítà omi kan, kílò kan ni, iyọ̀ inú ọbẹ̀ òde sì máa ń dá omi dúró sára. Ẹ tún wá fi àárọ̀ wé ìrọ̀lẹ́!

Bí mo bá jí, tí mo ti tọ̀, kí n tó mu omi, ni mo ń gùn ún, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan náà. Orí símẹ́ńtì ló wà, kì í kúrò níbẹ̀. Lórí kápẹ́ẹ̀tì, irọ́ ló máa pa. Inú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà ni mo ń kọ ọ́ sí. Tó bá di Sátidé, n ó ro méjèèje pọ̀, n ó pín in sí méje. Iye yẹn nìkan ni mo ń fi wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bó bá lọ sókè lọ́sẹ̀ méjì léraléra, mo ti mọ ibi tí mo máa wò: ẹlẹ́rìndòdò tí mo ń mu nídìí máṣínì. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń gùn ún, ọjọ́ kan ṣoṣo tí omi pọ̀ lára ì bá tàn mí jẹ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Òótọ́ lọ̀rọ̀ aránṣọ. Láti 1994 ni àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà ti ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn tó dín kílò 13.6 kù, ó kéré tán, tí kò sì padà fún ọdún kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìgun òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣọ́ ẹnu, wọ́n sì ń rìn. Ẹ má pa oúnjẹ tì, ẹ má sì dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró; dókítà ló máa sọ ìyẹn. Bí ẹsẹ̀ bá ń wú, tí ẹ ò lè mí dáadáa, tí kílò sì ń yára gòkè, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, kì í bá gbogbo èèyàn lára mu. Nígbà tí mo ń gùn ún láràárọ̀, bó bá ti gòkè díẹ̀, n kì í jẹun títí ilẹ̀ á fi ṣú, títí òòyì fi gbé mi nínú kíláàsì. Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi. Mọ̀mí, bí ẹkún yẹn bá tún wá, ẹ dáwọ́ dúró.

Ìyá Tẹ́ní, Iléṣà
Ẹ ṣeun gan-an. Orí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ni mo gbé e sí tẹ́lẹ̀! Ó ti wà lórí símẹ́ńtì báyìí, 93.5 láàárọ̀ yìí, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo jẹun alẹ́ lánàá, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Aránṣọ, lọ́jọ́ Sátidé n ó kó méjèèje wá síbí, ẹ bá mi wò ó.