UPS mi ń ké tí mo bá ti tan jẹnẹrétọ̀, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ti ń tẹ̀wé ni mo ní n'Íbàdàn, mo ra UPS 650VA (àpótí oníbátìrì tó máa ń gbé kọ̀ǹpútà ró fúngbà díẹ̀ tí iná bá lọ) torí bí iná ṣe máa ń lọ lójijì, àmọ́ tí mo bá ti tan jẹnẹrétọ̀ báyìí UPS yìí ò ní gbà á rárá, orí bátìrì ló máa wà tí á máa ké, kò ní tó ìṣẹ́jú 10 kọ̀ǹpútà á kú. Ṣé fóltéèjì jẹnẹrétọ̀ ni ò dúró sójú kan ni àbí bátìrì 12V inú ẹ̀ ló ti gbó? Ó ti tó ọdún 3 tí mo ti ń lò ó. Ẹnìkan tún ní mi ò gbọdọ̀ ki printer laser bọ̀ ọ́ torí iná tó ń fà ti pọ̀ jù (ibẹ̀ gan-an lèmi ń kì í bọ̀ látọjọ́ yìí o, ẹ má bínú). Ṣé kí n pààrọ̀ bátìrì ni àbí kí n kúkú ra stabilizer sí i? Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ o.