Ṣé owó ìfẹ̀yìntì mi máa tó èmi àtìyàwó mi ná ní Ẹ̀kùádọ̀?

Bàbá66: Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni ọdún 66 ni mí, ìyàwó mi jẹ́ 64, Amẹ́ríkà la wà. Owó ìfẹ̀yìntì tó ń wọlé fún mi lóṣù ò ju 1,900 dọ́là lọ, owó ilé nìkan sì ń gbé ju ìdajì ẹ̀ lọ. Wọ́n ní tá a bá kó lọ sí ìlú Cuenca ní Ẹ̀kùádọ̀, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ó máa tó wa ná dáadáa. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni físà ṣe rí? Tí àìsàn bá dé ńkọ́, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ìyàwó mi lẹ́nu, àwa méjèèjì ò sì gbọ́ Spanish rárá.

AráCuenca: Ẹ kú àárọ̀ sà. Owó yín tó, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Dọ́là Amẹ́ríkà náà ni wọ́n ń ná níbí látọdún 2000, ẹ ò ní máa wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó. Físà jubilado, ìyẹn físà àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, lẹ máa gbà, ohun tí wọ́n sì fẹ́ ni kí owó tó ń wọlé fún yín jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù tó kéré jù nílùú, lọ́dún 2025 ó jẹ́ 470, ìyẹn 1,410, ẹ wá fi 250 kún un torí ìyàwó yín, ó di 1,660, ẹ ti kọjá ẹ̀. Àmọ́ iye yẹn máa ń lọ sókè tọ́dún bá yí o. Ọdún méjì ni físà náà, tó bá ti pé oṣù 21 ẹ lè béèrè fún èyí tí ò ní gbèdéke. Ilé oníyàrá méjì tó dáa jẹ́ bíi 400 sí 600 lóṣù, oúnjẹ ọ̀sán pẹ̀lú súùpù àti júùsì bíi dọ́là mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sìÀgbà: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná. Cuenca fi bíi 2,500 mítà ga ju òkun lọ, atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sì máa ń lọ sókè sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá débẹ̀, torí náà kí ìyá rí dókítà ọkàn kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá. Tí òkè yẹn ò bá bá wọn lára mu, ìlú kékeré Vilcabamba wà, bíi 1,500 mítà nìyẹn, àmọ́ fún ọsibítù ńlá, ìlú Loja lẹ máa sáré lọ.

Òmíì tó ń bà mí nínú jẹ́ nítorí àwọn àgbàlagbà ni Medicare, ètò ìbánigbófò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fáwọn àgbàlagbà. Kì í tẹ̀ lé yín dé ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ wá ń dá Part B, ìyẹn apá tó ń sanwó dókítà, dúró kí wọ́n má bàa sanwó lásán, tí wọ́n bá wá padà, wọ́n á fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ẹ̀ fún gbogbo oṣù 12 tí wọ́n fi dá a dúró, ìyẹn ò sì ní kúrò ńbẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní dá a dúró lọ́dún àkọ́kọ́.

Olùṣọ́ra: Ọ̀rọ̀ ààbò náà ńkọ́? January 2024 ni Ààrẹ Noboa kéde pé orílẹ̀-èdè náà ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn jagun. Guayaquil àti etíkun ló le jù, Cuenca rọ̀ jùyẹn lọ fíìfíì, ẹ kàn gba Quito wọlé. Lọ́dún 2024 yẹn náà, ọ̀dá mú kí omi gbẹ níbi ìsédò Mazar tí wọ́n fi ń pèsè iná, iná wá ń lọ fún nǹkan bíi wákàtí 14 lóòjọ́ nígbà míì. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ mí lóru gbọ́dọ̀ ro ìyẹn dáadáa.

Bàbá66: Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyàwó mi ní ká ra ilé kékeré síbẹ̀ kíá.

AráCuenca: Háà, rárá o sà! Ẹ háyà. Ẹni tó bá ní páṣípọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà lè wọlé láìní físà fún 90 ọjọ́, ẹ lò ó, kẹ́ ẹ rí bára ìyá ṣe gbà á, ẹ rìn dé ọ̀dọ̀ dókítà fúnra yín, ká tó sọ̀rọ̀ ilé. Kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ Spanish lónìí, bẹ̀rẹ̀ látorí bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ibi tó ń dùn yín fún nọ́ọ̀sì.