Camry ni àbí Accord? ₦5 mílíọ̀nù péré ni mo ní

Ìyá Móníyà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ ra ọkọ̀. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí owó mi má wọgbó. Tíṣà ni mí n'Ìbàdàn. Móníyà là ń gbé, iléèwé mi wà ní Ring Road, mo sì ń já ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Wíwọ Máíkírà láràárọ̀ ti sú mi, ká fún ara wa pọ̀ bí ẹja inú agolo. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan a máa ń lọ kí màmá mi ní Ìlá Ọ̀ràngún, tàwa tẹrù.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti fọwọ́ sí owó tí mo fẹ́ yá. Tí mo bá da tọwọ́ mi pọ̀ mọ́ ọn, ₦5 mílíọ̀nù ni, kò lé kọ́bọ̀. Bàbá àwọn ọmọ ní Camry Muscle ni ká rà. Àbúrò mi ọkùnrin ní Accord ló bá ojú mu. Ohun tí èmi ń fẹ́ ò ju kí n má di oníbàárà mẹkáníìkì lọ. Èwo ni kí n mú?

Ọmọ Ẹ̀gbá
Camry, mà. Bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́la, ẹni tí yóò rà á ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá Mẹkó, Òṣogbo
Ọmọ Ẹ̀gbá, rọra o. Camry wo?

Màmá, Muscle tí gbogbo ayé ń pariwo yẹn, oríṣi méjì ni. Láti 2007 dé 2009, ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù, 2AZ là ń pè é. Ti 2010 àti 2011, 2.5 ni. Mi ò ka V6, ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́fà, kún un torí owó epo. 2.4 yẹn lágbára, ṣéènì ló ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì táímìnì, àmọ́ a mọ̀ ọ́n mọ ọ́ìlì jíjẹ. Ríǹgì písítìn ẹ̀ ló máa ń fa ìyẹn. Toyota fúnra wọn ò jiyàn ẹ̀. Wọ́n fi kún ọdún tí wọ́n fi ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó ni ín ní Amẹ́ríkà. Àǹfààní yẹn ò dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ó sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́hùn-ún pàápàá.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jẹ ọ́ìlì o. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ ti ìka bọ ẹnu sàlẹ́ńsà: bí ohun dúdú tó ń yọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, tí kì í ṣe eruku gbígbẹ, ọ́ìlì ló ń jó níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tan án sílẹ̀ láìrìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnì kan wá tẹ iná mọ́ ọn lójijì, kí ẹ̀yin dúró lẹ́yìn. Bí èéfín búlúù bá rú jáde, ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ sílé. Wọ́n á ní "ọjọ́ pẹ́ tí a ti wà á ni." Ẹ ṣáà máa lọ.

Kò-sí-bí-Honda
Ẹ ṣé, ọ̀gá. Kí ni ẹ wá sọ nípa Accord? Ó ti ń tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń wa Accord tí wọ́n ń pè ní "Discussion Continues", ti 2006, 2.4 oní-ṣéènì. Ijókòó ẹ̀ tura ju ti Camry lọ, ìdarí ẹ̀ sì dá ṣáká lọ́wọ́. Ẹ ṣáà sá fún V6: bẹ́líìtì ni òun ń lò, tó bá já, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. Honda tiẹ̀ pe V6 ti 2003 àti 2004 padà lọ́dún 2004 nítorí gíá.

Ọ̀gá Mẹkó, Òṣogbo
Mi ò bá Honda jà. Gíá ẹ̀ ni kì í gba ọ́ìlìkọ́ìlì. Ọ́ìlì gíá Honda ni kí ẹ rọ sí i, kì í ṣe èyí pupa tó bá ṣáà wà lórí káńtà. Camry Muscle náà, ọ́ìlì gíá Toyota tí wọ́n ń pè ní WS ló ń lò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba gíá jẹ́, wọ́n á wá ní ọkọ̀ ni kò dáa. Ohun mìíràn ni pé Accord wálẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà Ìlá tí ẹ̀ ń lọ yẹn, tẹ̀yin tẹrù, ẹ fojú sí abẹ́ ọkọ̀.

Ará Houston
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ìhín, torí Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ wọ̀nyí ti ń bọ̀. Accord láti 2003 dé 2007 wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n pè padà nítorí éábáàgì Takata. Ohun tó ń fẹ́ éábáàgì yẹn lè bú gbàmù, kó fọ́n irin sí awakọ̀ lára. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń sọ ọ́ di eléwu bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ẹ sì mọ bí ojú ọjọ́ tiwa ṣe rí. Ẹ tẹ nọ́ńbà ṣásí sórí ìkànnì NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n á sọ fún yín bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀. Ẹ ní kí mọ̀lẹ́bí yín tó bá wà níbí tún bá yín wo ti NICB, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ibí, òun ló ń fi hàn bí wọ́n bá ti jí i rí tàbí tí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ti ka ọkọ̀ náà sí àlòkù ìjàǹbá.

Lẹ́yìn ìjì Harvey lọ́dún 2017, ọkọ̀ tó rì sómi níhìn-ín ò kéré, ọ̀pọ̀ wọn ló sì dé orí gbàǹjo. Bẹ́líìtì ìjókòó ni kí ẹ fà jáde dé òpin. Ẹni tó bá fọ ọkọ̀ mọ́ kì í sábà rántí ibẹ̀. Bí ilà ẹrẹ̀ bá wà lára ẹ̀, omi ti wọ inú ẹ̀.

Ìyá Móníyà
Háà! Ẹ̀rù wá ń bà mí báyìí. Ṣé kì í ṣe kí n kúkú ra Bíbélì àti bàtà?

Onísirò Ilé
😂 Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ẹnu ọ̀nà rírà nìkan ni gbogbo yín dúró sí. Móníyà sí Ring Road, àlọ àtàbọ̀, ká fi sí 40 kìlómítà, ọjọ́ 22 lóṣù: 880 kìlómítà. Camry 2.4 ń mu bí lítà 11 fún 100 kìlómítà nínú ìlú. Ó tó lítà 97. Tí lítà bá jẹ́ ₦900, bí ₦87,000 nìyẹn lóṣù, láìka Ìlá, láìka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀jọ́ọ̀. Corolla láti 2003 sí 2007 á mu bíi lítà 9, nǹkan bí ₦71,000. Ẹni tó ń san owó alájẹṣẹ́kù padà, ₦16,000 lóṣooṣù kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ má sì ná ₦5 mílíọ̀nù tán sórí ọkọ̀. Ẹ yọ bí ₦800,000 sẹ́yìn. Táyà mẹ́rin, bátìrì, ọ́ìlì àti fítà, ìwé ọkọ̀, ìbánigbófò ẹni kẹta (third party) tó ti di ₦15,000 láti 2023. Kí ẹ tó rò ó tán, àwọn mẹkáníìkì ti gba tiwọn.

Ìyá Móníyà
Corolla kọ́kọ́ wù mí, ṣùgbọ́n ọmọ mi àgbà ti ga ju bàbá ẹ̀ lọ, ìyá ọkọ mi á sì máa bá wa lọ nígbà mìíràn. A ti lo Corolla ọ̀rẹ́ wa kan lọ sí Ìlá rí, orúnkún ni gbogbo wa fi ń kí ara wa. Mo gbà láti san owó epo yẹn. Àmọ́ ₦800,000 tí ẹ ní kí n fi sẹ́yìn yẹn, ó túmọ̀ sí pé ₦4.2 mílíọ̀nù ni mo ní fún ọkọ̀. Ẹnì kan ti sọ fún mi pé tí mo bá lọ sí Kútọnu, màá rí i lówó pọ́ọ́kú.

Ará Ìdíròkò
Ẹ má dán an wò, ẹ̀gbọ́n. Ìbodè ilẹ̀ ni wọ́n fòfin dè fún kíkó ọkọ̀ wọlé, láti January 2017. Ọkọ̀ yín á kọjá, ẹ ó máa yọ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù á wá dá yín dúró lọ́nà, wọ́n á ní ìwé owó bodè dà. Yálà ẹ ra tòkunbọ̀ tó gba èbúté wọlé tó níwèé, tàbí ẹ ra èyí tí wọ́n ti lò níbí.

Ọ̀gá Mẹkó, Òṣogbo
Owó yín ò ní gba tòkunbọ̀ Muscle tó dáa. Èyí tí wọ́n ti lò níbí ni kí ẹ wá, lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó ti ń lò ó, tó lè fi ìwé hàn yín. Ẹ gbójú fo kíláàsì àti àwọ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀. Páàtì Camry kún Araromi ní Gate bámúbámú, ìyẹn ni mo fi fara mọ́ ọn, kì í ṣe ẹwà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà náà: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Táyà tó ti lo ọdún méjìlá, tó kàn ń dán, ikú tí wọ́n fi epo kùn ni.

Ìyá Móníyà
Ẹ kú àánú mi o. Mo ti rí ọ̀kan ní Bódìjà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ló ń tà á. Camry Muscle, aláwọ̀ eérú, 2010 ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ₦4.8. Mo ní kí ó fi nọ́ńbà ṣásí ránṣẹ́. Àmì kẹwàá níbẹ̀, 8 ni. Kí ni ìyẹn ń sọ?

Ará Houston
2008 ni, mà. 2010, "A" ló yẹ kó wà níbẹ̀. 2011, "B".

Ọmọ Ẹ̀gbá
Wọ́n ti pààrọ̀ imú ẹ̀! Bọ́m̀pà àti iná 2010 ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí bàbá náà má mọ̀, bóyá bí wọ́n ṣe tà á fún òun náà nìyẹn.

Onísirò Ilé
Bó mọ̀, bí kò mọ̀, iye ti 2008 ni kí ẹ san. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ₦3.8, ẹ má kọjá ₦4.2.

Ọ̀gá Mẹkó, Òṣogbo
A jẹ́ pé 2.4 ni, gbogbo ohun tí mo sọ nípa ọ́ìlì bá a mu. Mò ń bọ̀ n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, mo lè bá yín wò ó. Ẹ sọ fún bàbá pé kí wọ́n má tan án láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ bá ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ní tútù. Bí a bá débẹ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná, a ó dúró títí yóò fi tutù, bó tiẹ̀ gbà wá di ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Móníyà
Màá tẹ ẹ̀bà, màá se ẹ̀fọ́ sílẹ̀ dè yín, ọ̀gá. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n bi yín: ṣé ẹ máa ń jẹ ìgbín?