Pọ́ńkì, họ́kì orí yìnyín, àti ìdí tí "jàǹdùkú" kò fi bá wọn mu

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé, bá a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún nǹkan, ká máa pe pọ́ńkì rọ́ọ̀kì (orin gìtá aláriwo tó máa ń yára) ní "orin jàǹdùkú", ká sì máa pe eléré họ́kì orí yìnyín (eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá) tó ń jà fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní "jàǹdùkú orí yìnyín". Àlàyé wọn ni pé olórin pọ́ńkì àti eléré họ́kì ń rìn pọ̀ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, àti pé ìwà ipá ló so wọ́n pọ̀. Mo gbà pé wọ́n ń rìn pọ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ní ó so wọ́n pọ̀ yẹn ni mi ò fara mọ́ rárá.

Ìrìn pọ̀ náà kò ṣòro láti rí. Ní Victoria, ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà, Rob àti John Wright, ọmọ ìyá kan náà, ló dá ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì NoMeansNo sílẹ̀. Wọ́n tún wá dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Hanson Brothers. Inú Slap Shot, fíìmù họ́kì tó jáde lọ́dún 1977, ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn: tẹ̀gbọ́n tàbúrò mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n wọ awò ojú, tí wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n kọlu èèyàn lọ. Aṣọ họ́kì ni ẹgbẹ́ olórin yìí ń wọ̀ sórí ìtàgé, ìró orin wọn sì jọ ti Ramones, ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì New York. Àwo wọn ti 1992 ń jẹ́ Gross Misconduct, ti 1996 ń jẹ́ Sudden Death. Èdè họ́kì ni méjèèjì: ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìjìyà fún ìwà tó burú jáì, ìkejì sì jẹ́ àfikún àkókò tí ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé ti borí. Ní Vancouver, Joe Keithley wà lára àwọn tó dá D.O.A., ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì, sílẹ̀ lọ́dún 1978. Òun kan náà làwọn ará Burnaby dìbò yàn sínú ìgbìmọ̀ ìlú wọn lọ́dún 2018. Mi ò rí bí "olórin jàǹdùkú" ṣe máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu.

Ẹ wá wo ìjà tí à ń sọ yìí dáadáa. Ní NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, àwọn méjì tó fẹ́ jà á ju ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n á bọ́ ìbọ̀wọ́ sọ nù, wọ́n á dojú kọ ara wọn. Bí ọ̀kan bá ti ṣubú, àwọn rẹfirí á wọ àárín wọn, ó parí nìyẹn. Kálukú á lọ jókòó sínú àgò ìjìyà fún ìṣẹ́jú 5. Níbi ijó pọ́ńkì náà, àwọn tó wà níwájú ìtàgé ń fi èjìká gbá ara wọn kíkankíkan, àmọ́ bí ẹnì kan bá ṣubú, àwọn tó wà nítòsí á fà á dìde kí wọ́n má bàa tẹ̀ ẹ́ pa. Òfin yẹn kò sí nínú ìwé kankan, síbẹ̀ gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ìjàkadì tiwa náà nìyẹn: bí ẹ̀yìn ẹnì kan bá ti kanlẹ̀, ó tán. Yorùbá ò pe oníjàkadì ní jàǹdùkú rí.

Nítorí náà, "ẹ̀ṣọ́" ni mo dábàá fún ẹni tó ń jà fún ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí yìnyín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ àwọn tó mọ eré ṣe jù nínú wọn. Àwọn Ọ̀yọ́ máa ń sọ pé ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn; iwájú ni wọ́n ti ń bá a. Lóṣù kẹta ọdún 2004, ní Vancouver, Todd Bertuzzi, eléré ẹgbẹ́ Vancouver, gbá Steve Moore ti ẹgbẹ́ Colorado lẹ́ṣẹ̀ẹ́ láti ẹ̀yìn, egungun ọrùn Moore ṣẹ́, kò sì gbá họ́kì NHL mọ́ láé. Irú ìwà yẹn ni kẹ́ ẹ fi "jàǹdùkú" pè.

Ọdún yẹn kan náà ni Jarome Iginla, balógun ẹgbẹ́ Calgary, gbá góòlù wọlé, tó ṣèrànwọ́ fún òmíràn, tó sì bá Vincent Lecavalier ti ẹgbẹ́ Tampa Bay jà, nínú eré kan ṣoṣo ní àṣekágbá Stanley Cup, ife ẹ̀yẹ NHL. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Adékúnlé wà lára orúkọ rẹ̀, Igi Ńlá sì ni orúkọ ìdílé wọn. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, àgbà eléré ni: góòlù 625 ló gbá ní NHL. Òun náà bọ́ ìbọ̀wọ́ nígbà tó yẹ.

Ní ti "pọ́ńkì", ẹ̀gbọ́n ní èébú ni lédè Gẹ̀ẹ́sì, ká túmọ̀ rẹ̀ sí èébú. Lóòótọ́, aṣẹ́wó ló túmọ̀ sí láyé Shakespeare, ó sì di ọmọ tí kò wúlò lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà. Àmọ́ àwọn tí wọ́n fi bú ló gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù. Ní 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan ní New York fi sọ ìwé ìròyìn wọn lórúkọ. Bí àwa bá túmọ̀ rẹ̀ sí "jàǹdùkú", àwa la ń bú wọn. A ò túmọ̀ fújì, a ò túmọ̀ jùjú. Ẹ jẹ́ kí pọ́ńkì máa jẹ́ pọ́ńkì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí orin àti eré náà jọ pín: "ìfèjìkágbá". Ó bá ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pápá yìnyín mu, ó bá ti iwájú ìtàgé náà mu, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ó ku ohun tí wọ́n ń gbá nínú họ́kì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní puck. Rọ́bà pẹrẹsẹ ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 3, nínípọn rẹ̀ íǹṣì 1, wọ́n sì máa ń fi sínú fìríìsà kó má bàa ta púpọ̀. "Bọ́ọ̀lù" kò lè jẹ́. Mo fara mọ́ "pọ́ọ̀kì" fún ìgbà yìí, àmọ́ tí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣeé pè kíákíá lẹ́nu asọ̀rọ̀ lórí rédíò, ẹ fi ránṣẹ́.